Àkọsílẹ̀ òfin ẹgbẹ́ òṣèlú tuntun: ta ló láṣẹ láti dá ta dúró?

Akọ̀wé_Àkọsílẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025, aago 8:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ẹ ti gbọ́ pé nínú àwùjọ 171 tó kọ̀wé sí INEC, àjọ elétò ìdìbò, pé àwọn fẹ́ di ẹgbẹ́ òṣèlú, 14 péré ló yege àyẹ̀wò àkọ́kọ́ lóṣù tó kọjá. Ohun tí mo gbé wá síbí ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ òfin inú ẹgbẹ́ kan tó ṣì ń múra sílẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ kí wa kú iṣẹ́; ibi tó ti ń jò ni kí ẹ fi hàn wá.

Ìpele mẹ́rin ni ẹgbẹ́ ní: wọ́ọ̀dù, ìjọba ìbílẹ̀, ìpínlẹ̀ àti àpapọ̀. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ wọ́ọ̀dù jẹ́ ẹni 15. Sáà kan jẹ́ ọdún mẹ́rin, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lò ju sáà méjì lọ nípò kan náà. Àwọn olùdásílẹ̀ 21 ni yóò wà nínú Ìgbìmọ̀ Àgbà títí ọjọ́ ikú wọn, àwọn ni yóò sì máa fọwọ́ sí orúkọ olùdíje. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á máa san ₦200 lóṣù. Ẹ̀ka London àti Houston á máa fi owó ránṣẹ́ sí àpò ẹgbẹ́ ní Abuja. Ní ti ìwà: kò sí owó ẹ̀yìn, kò sí jàgídíjàgan, kò sí ọ̀rọ̀ àbùkù sí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni tó bá rú òfin, ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀ ni yóò ní kó lọ rọ́ọ́kún nílé. Àmì ẹgbẹ́: adé ìlẹ̀kẹ̀ lórí ọwọ́ méjì tó so pọ̀.

Lọ́yà_Òkè · aago 8:50

Ẹ yọ gbólóhùn wọ́ọ̀dù yẹn kíákíá. "Ẹnikẹ́ni" tí ẹ kọ síbẹ̀ kó alága àpapọ̀ mọ́ ọn, ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni wọ́n sì ń gbà lé alága lórí àga nílẹ̀ yìí. Ẹ wo ti Adams Oshiomhole, alága àpapọ̀ APC nígbà náà. Wọ́ọ̀dù 10 ní Etsako West, ìpínlẹ̀ Edo, ló kọ́kọ́ kéde lóṣù Kọkànlá 2019 pé òun ti dá a dúró. Ní 4 Oṣù Kẹta 2020, ilé-ẹjọ́ gíga Abuja ní kó yéé pe ara rẹ̀ ní alága. Ní 16 Oṣù Kẹfà, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tú gbogbo ìgbìmọ̀ amúṣẹ́ṣe àpapọ̀ APC ká. Ìwọ̀nba ènìyàn jókòó ní wọ́ọ̀dù kan, ilé wó ní Abuja.

PDP gbìyànjú láti ti ilẹ̀kùn náà. Òfin wọn sọ pé ìgbìmọ̀ aláṣẹ àpapọ̀ nìkan ló lè gbọ́ ẹjọ́ ọmọ ìgbìmọ̀ náà. Síbẹ̀, ọ̀nà wọ́ọ̀dù ni wọ́n tún gbà mú alága àpapọ̀ wọn, Uche Secondus, ní 2021, ibẹ̀ náà ni wọ́n gbà mú Iyorchia Ayu tó jẹ alága lẹ́yìn rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2023, láti wọ́ọ̀dù Igyorov ní Benue. Ní tèmi, kò tó kí ẹ kọ pé wọ́ọ̀dù kò lè gbọ́ ẹjọ́ àwọn àgbà. Ẹ kọ ọ́ mọ́ ọn pé bí wọ́ọ̀dù bá gbọ́ ọ, òfo ni ìdájọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì lè mú kí ẹni náà pàdánù ìwé ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìwé ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fà ya. Bó bá ti ya, ipò á tẹ̀ lé e.

Ẹ yọ adé ìlẹ̀kẹ̀ náà kúrò. Abala 222 nínú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà 1999 kò gba àmì tó bá fara jọ ti ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn kan, tàbí tó jẹ́ kó dà bíi pé apá kan orílẹ̀-èdè nìkan ni ẹgbẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Adé yẹn dára lórí ọba.

Ọmọ_Wọ́ọ̀dù · aago 9:31

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ń gba agbára lọ́wọ́ wa. Bí ẹ bá kó gbogbo ìbáwí lọ sí Abuja, ẹni tó bá wà ní Abuja á máa fi í lé ẹni tó bá bá a díje. Ìgbìmọ̀ àpapọ̀ á jí lọ́jọ́ kan, wọ́n á tú ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ká, wọ́n á fi "ìgbìmọ̀ fìdíhẹ́ẹ̀" rọ́pò rẹ̀, fìdíhẹ́ẹ̀ yẹn á sì jókòó bí ẹni tó jogún ún. Ẹ wá ọ̀nà kẹta.

Lọ́yà_Òkè · aago 10:20

Òótọ́ lo sọ, àbúrò. Ọ̀nà kẹta wà: kí ìpele tó yan ènìyàn má ṣe ẹjọ́ rẹ̀, kí ìpele tó wà lókè rẹ̀ náà má dá a ṣe. Ìgbìmọ̀ ìbáwí ẹlẹ́ni márùn-ún ni kó gbọ́ ọ. Ibi ìpàdé gbogboogbò ni kí wọ́n ti dìbò yàn wọ́n, wọn kò gbọdọ̀ di ipò kankan mú nínú ẹgbẹ́, wọn kò sì gbọdọ̀ díje fún ipò kankan láàárín ọdún méjì tí wọ́n bá kúrò níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ lọ́yà, méjì ó kéré tán jẹ́ obìnrin. Ti ìjọba ìbílẹ̀ ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn aláṣẹ wọ́ọ̀dù, ti ìpínlẹ̀ ń gbọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, ti àpapọ̀ ń gbọ́ ti ìpínlẹ̀ àti ti àwọn aláṣẹ àpapọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò di ipò mú nìkan ni wọ́ọ̀dù lè bá wí, ìyẹn kò sì gbọdọ̀ ju ìkìlọ̀ tàbí ìdádúró oṣù kan lọ.

Ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí. Ẹni tó ń fẹ̀sùn kan ènìyàn á kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé ẹgbẹ́ tirẹ̀, láàárín ọjọ́ 30 tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Akọ̀wé á lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà kan fún un láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn á gba ìwé ẹ̀sùn náà lọ́wọ́, á buwọ́ lùwé pé òun gbà á, á sì ní ọjọ́ 14 láti fèsì. Lẹ́yìn ìjókòó, ìdájọ́ àti ìdí rẹ̀ á jáde ní kíkọ láàárín ọjọ́ 21. Ọjọ́ 14 wà fún ìpẹ̀jọ́ sí ìpele tó ga jù. Bí ọ̀ràn bá le tó pé kí ẹni náà kọ́kọ́ yẹra, ìyẹra yẹn kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 30. Bí ọjọ́ 30 bá pé láìsí ìdájọ́, ó ti parí fúnra rẹ̀ nìyẹn, kò tún nílò ìwé kankan.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́: alága ló fẹ̀sùn kan ènìyàn, alága ló jókòó ṣe adájọ́, alága ló buwọ́ lùwé. Tàbí wọ́n fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ní aago mọ́kànlá alẹ́ pé kí ènìyàn wá jẹ́jọ́ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Adájọ́ tó bá rí irú èyí á fa abala 36 nínú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà yọ, ìyẹn ẹ̀tọ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu ènìyàn, gbogbo iṣẹ́ náà á sì dòfo, kódà bí ẹni náà bá jẹ̀bi.

Ẹ má sì kọ pé ẹni tó bá lọ sílé-ẹjọ́ ti kúrò lẹ́gbẹ́. Abala 84(14) nínú Òfin Ìdìbò 2022 fún olùdíje tí wọ́n rẹ́ jẹ nínú ìdìbò abẹ́lé láyè láti lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀. Òfin ẹgbẹ́ kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Aṣírò_Owó · aago 11:05

Ẹ̀ka London àti Houston ló dẹ́rù bà mí. Abala 225 nínú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà sọ ọ́ kedere: ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ní owó tàbí dúkìá nílẹ̀ òkèèrè, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti tọ́jú owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i láti òkèèrè. Èyí tó bá wọlé, láàárín ọjọ́ 21 ni kí wọ́n kó o fún INEC pẹ̀lú àlàyé ibi tó ti wá. Lábẹ́ Òfin Ìdìbò 2022, ẹgbẹ́ tó bá tọ́jú rẹ̀ á pàdánù owó náà, ìtanràn rẹ̀ kò sì ní dín ní ₦5 mílíọ̀nù. Àwọn ará wa tó wà lóhùn-ún lè ṣe ìwádìí, kí wọ́n kọ ètò ìlera tàbí ti ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́, kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Pọ́n-ùn àti dọ́là ni kí wọ́n tọ́jú sápò ara wọn.

Ọ̀rọ̀ ₦200. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wọ́ọ̀dù 8,809 ló wà ní Nàìjíríà. Bí ọmọ ẹgbẹ́ 100 bá ń san ₦200 ní wọ́ọ̀dù kan, ₦20,000 nìyẹn lóṣù. Ẹ jẹ́ kí wọ́ọ̀dù mú ìdajì, ₦10,000, ìjọba ìbílẹ̀ ₦4,000, ìpínlẹ̀ ₦4,000, àpapọ̀ ₦2,000. Tí gbogbo wọ́ọ̀dù bá san án, ₦17,618,000 ló ń dé Abuja lóṣooṣù. Wọn kò ní san án tán, mo mọ̀. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin bá san án, ó ju ₦4.4 mílíọ̀nù lọ, ìyẹn á san owó ọ́fíìsì àti owó oṣù òṣìṣẹ́ díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni di bàbá ìsàlẹ̀.

Ibi tó ti ń dàrú ni pé wọ́n máa ń ní kí wọ́ọ̀dù kó gbogbo owó lọ sókè kí wọ́n tó dá tirẹ̀ padà. Kì í padà. Wọ́ọ̀dù á wá dẹ́kun gbígba owó, á máa dúró de ẹni tí yóò ra àga àti omi fún ìpàdé, ẹni yẹn á sì fẹ́ dá orúkọ àwọn aṣojú mú lọ́jọ́ kan. Ní 2022, fọ́ọ̀mù ìdíje fún ipò ààrẹ nínú APC jẹ́ ₦100 mílíọ̀nù, ti PDP jẹ́ ₦40 mílíọ̀nù. Ẹgbẹ́ tí ọmọ rẹ̀ kò bá ń san ₦200, irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ni yóò fi bọ́ ara rẹ̀.

Ẹ kọ èyí náà: owó tí a kò mọ ẹni tó fi sílẹ̀, ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ gbà á rárá; èyí tó bá sì ju ₦50 mílíọ̀nù lọ, kò gbọdọ̀ gbà á àfi bí ó bá lè fi orísun rẹ̀ han INEC. Òfin Ìdìbò ti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n akápò yín gbọdọ̀ rí i nínú ìwé tirẹ̀. Ẹni mẹ́ta ni kó máa buwọ́ lu ṣẹ́ẹ̀kì: alága, akápò, akọ̀wé owó. Ẹni tó gba owó kọ́ ni kó kọ rìsíìtì. Ìwé rìsíìtì gbọdọ̀ ní nọ́ńbà láti ilé ìtẹ̀wé. Èyí tó bá bàjẹ́, wọ́n á fa ilà sórí rẹ̀, wọn kò ní ya á.

Ìyá_Ìpàdé · aago 11:40

Ẹni 15 ní wọ́ọ̀dù, mélòó ni obìnrin? Bí ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, "aṣíwájú obìnrin" kan ṣoṣo lẹ máa rí, iṣẹ́ rẹ̀ á sì jẹ́ kó máa kó obìnrin wá jó. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti 2006 sọ pé 35%. 35% nínú 15 jẹ́ 5.25, nítorí náà ẹ kọ mẹ́fà. Kí ọ̀kan nínú alága, akọ̀wé àti akápò jẹ́ obìnrin. Kí ìpàdé sì parí kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Wọ́n máa ń fi ìpàdé òru lé wa láìsọ̀rọ̀.

Arójú_Rẹ́jísítà · aago 1:15 ọ̀sán

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, orí rẹ́jísítà, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ló dúró lé. Lóṣù Kẹrin 2024, àwùjọ kan kéde lórúkọ wọ́ọ̀dù Ganduje ní Kano pé àwọn ti dá Abdullahi Ganduje, alága àpapọ̀ APC nígbà náà, dúró. Ẹgbẹ́ ní kì í ṣe àwọn aláṣẹ wọ́ọ̀dù náà ló sọ̀rọ̀. Ìjà lórí àṣẹ wọ́ọ̀dù ti di ìjà lórí orúkọ: àwọn wo gan-an ni aláṣẹ wọ́ọ̀dù? Bí ìwé kan bá wà tí gbogbo ènìyàn gbà pé òun ni ìwé, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ọ̀rọ̀ yẹn.

Abala 77 nínú Òfin Ìdìbò 2022 pàṣẹ pé kí ẹgbẹ́ ní rẹ́jísítà lórí bébà àti lórí ẹ̀rọ, kí ó sì wà lọ́wọ́ INEC ó kéré tán ọjọ́ 30 ṣáájú ìdìbò abẹ́lé, kọ́ngírẹ́ẹ̀sì tàbí àpérò àpapọ̀. Ẹ ka ọjọ́ yẹn sẹ́yìn. Ẹ ti rẹ́jísítà ní ọjọ́ 60 ṣáájú. Ẹ lẹ orúkọ mọ́ ògiri fún ọjọ́ méje kí àwọn ènìyàn lè tako èyí tí kò tọ́. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣe àtúnṣe. Ọjọ́ 13 á ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín fún kíkó o jọ láti wọ́ọ̀dù dé Abuja, kò sì pọ̀.

Ìwé ẹlẹ́yìn líle ni kí ẹ lò, kí ojú ìwé ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i. Ìwé mẹ́ta: wọ́ọ̀dù, ìjọba ìbílẹ̀, ìpínlẹ̀. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìpínlẹ̀, ó kan ìjọba ìbílẹ̀, ó kan wọ́ọ̀dù, kí iye tirẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá kú tàbí tó kúrò, ẹ fi bírò pupa fa ilà kan sórí orúkọ rẹ̀, ẹ buwọ́ lù ú, ẹ kọ ọjọ́. Ẹ má fi nọ́ńbà rẹ̀ fún ẹlòmíràn láé. Ọmọ ẹgbẹ́ gbọdọ̀ ti wà nínú ìwé fún oṣù mẹ́fà kí ó tó dìbò nínú kọ́ngírẹ́ẹ̀sì. Láìsí èyí, olówó kan á kó bọ́ọ̀sì ènìyàn wá ní àṣálẹ́ ọjọ́ kẹyìn. Lórí ògiri, orúkọ àti nọ́ńbà ẹgbẹ́ nìkan ni kí ẹ lẹ̀. NIN àti nọ́ńbà fóònù kò gbọdọ̀ hàn, nítorí òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023.

Ọmọ_Wọ́ọ̀dù · aago 1:42

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ kàn rántí pé ẹni 15 ní wọ́ọ̀dù 8,809 jẹ́ ènìyàn 132,135. Ta ni yóò kọ́ gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń fa ilà pupa?

Arójú_Rẹ́jísítà · aago 1:50

Akọ̀wé nìkan lẹ máa kọ́. 8,809. Ẹ kọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ 774 ní ọjọ́ méjì, kí wọ́n padà lọ kọ́ ti wọ́ọ̀dù wọn.

Ọmọ_Ìtàn · aago 3:08

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ibi tí àṣẹ ẹgbẹ́ ti parí àti ibi tí àṣẹ ìjọba ti bẹ̀rẹ̀. Action Group, tí wọ́n ṣí ní gbangba ní Ọ̀wọ̀ lóṣù Kẹrin 1951, ní ètò tó dán mọ́rán lákòókò tirẹ̀, ibi ìpàdé Jos lóṣù Kejì 1962 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Awólọ́wọ̀ ni olórí ẹgbẹ́, Akíntọ́lá ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí Akíntọ́lá fipò sílẹ̀ tí kò gbà, àwọn aṣòfin buwọ́ lu ìwé, gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, sì yọ ọ́, ó fi Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Ìbéèrè wá di: ṣé ìwé tó, àbí àfi kí wọ́n dìbò nínú ilé aṣòfin? Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Nàìjíríà ní àfi ìdìbò. Ní oṣù Karùn-ún 1963, Privy Council ní London, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìkẹyìn fún Nàìjíríà nígbà náà, ní ìwé tó. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tún òfin kọ kí ìdájọ́ London má bàa ṣiṣẹ́. Kí ìdájọ́ méjèèjì tó jáde rárá, àga ti fò nínú ilé aṣòfin ní 25 Oṣù Karùn-ún 1962, wọ́n sì ti kéde ìjọba pàjáwìrì.

Òfin ìwà yín lè gba ipò ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ó lè dí i lọ́wọ́ láti díje lórúkọ ẹgbẹ́. Kò lè gba ipò gómìnà lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣòfin tó bá sá lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn lè pàdánù àga rẹ̀ lábẹ́ abala 68 tàbí 109 nínú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà, àfi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pín tàbí tó dara pọ̀ mọ́ òmíràn. Ìyẹn pàápàá, iṣẹ́ òfin ìlú ni, kì í ṣe ti ìgbìmọ̀ ìbáwí.

Lọ́yà_Òkè · aago 4:26

Ẹ ṣeun, ọmọ ìtàn. Ó kù díẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìgbìmọ̀ Àgbà títí ọjọ́ ikú: abala 223 nínú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí wọ́n máa dìbò yan àwọn olóyè àti ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ẹgbẹ́ lóòrèkóòrè, àlàfo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́rin lọ. Bí ìgbìmọ̀ yín bá ń fọwọ́ sí olùdíje, ó ti ń ṣàkóso nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbani nímọ̀ràn, kí wọ́n máa parí ìjà, ẹ gba ọwọ́ wọn kúrò lára olùdíje. Abala yẹn kan náà béèrè pé kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ àpapọ̀ ti ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Abuja wá. Ìgbìmọ̀ ẹni 30 tí mẹ́wàá nínú wọn bá wá láti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀sun, ìpínlẹ̀ 22 ni ibi tó lè dé, kò lè yege.

Ìdìbò abẹ́lé: ẹ kọ bí aṣojú ṣe ń jáde, iye wọn, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ní 2022, PDP lo aṣojú kan láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, APC lo mẹ́ta. Abala 84(12) nínú Òfin Ìdìbò 2022 kò gba ẹni tó di ipò ìyànsípò òṣèlú mú láàyè láti dìbò tàbí kí wọ́n dìbò fún un níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ìfẹnukò, ìyẹn kí gbogbo wọn gbà fún ẹnì kan láìdìbò, gbogbo olùdíje tí wọ́n ti yẹ̀ wò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i ní kíkọ. Bí ẹnì kan bá kọ̀, ẹ lọ dìbò. Ìfẹnukò tí bàbá kan ṣe nínú pálọ̀ kì í ṣe ìfẹnukò. Ẹ fún INEC ní ìwé ìfilọ̀ ìpàdé ní ọjọ́ 21 ṣáájú. Láìsí ìwé yẹn, ìpàdé náà kò níyì. Ní Zamfara, ìdìbò abẹ́lé tí kò bá òfin mu ló mú kí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé gbogbo ìbò APC ní 24 Oṣù Karùn-ún 2019, PDP tí APC ti kọ́kọ́ borí sì gba ipò gómìnà.

Akọ̀wé_Àkọsílẹ̀ · aago 7:55 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Adé ti kúrò, owó òkèèrè ti kúrò, Ìgbìmọ̀ Àgbà ti di onímọ̀ràn. Gbólóhùn ìbáwí tuntun nìyí: "Ìgbìmọ̀ ìbáwí ìpele tó tẹ̀ lé e lókè nìkan ni yóò gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó di ipò mú, ti àwọn aláṣẹ àpapọ̀, ìgbìmọ̀ ìbáwí àpapọ̀ ni. Ìdájọ́ tí ìgbìmọ̀ mìíràn bá ṣe jẹ́ òfo láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì kan ipò tàbí ìwé ọmọ ẹgbẹ́ ẹni náà lọ́nàkọnà. Ìyẹra kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 30 lọ, ó sì parí fúnra rẹ̀."

Ìbéèrè kan ló kù: rẹ́jísítà wọ́ọ̀dù, ilé ta ni yóò máa sùn?

Arójú_Rẹ́jísítà · aago 8:10

Ilé akọ̀wé, nínú àpótí alágádágodo méjì. Kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ akọ̀wé, èkejì lọ́wọ́ akápò. Kí alága má ní ìkankan.

Ìyá_Ìpàdé · aago 8:14

Kí akọ̀wé àti akápò má sì jẹ́ ọkọ àti ìyàwó o. Ẹ kọ ìyẹn náà.